Ẹyin tútù kì í ṣe ẹyin òbu: ẹ bá wa dá pẹ́pẹ́yẹ igbó sí

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àsìkò òjò ni pẹ́pẹ́yẹ igbó olójú funfun máa ń yé ẹyin, àsìkò yìí kan náà sì ni àwọn èèyàn máa ń kó ẹyin náà jù lọ létí odò àti àbàtà. Ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé ẹyẹ ti kọ ìtẹ́ sílẹ̀. Irọ́ ni.

Ẹyẹ náà kò ṣòroó dá mọ̀. Ojú àti iwájú orí rẹ̀ funfun, àfi bí ẹrẹ̀ bá ti kùn ún. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìlà dúdú àti funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Súfèé ló ń sú bó bá ń fò, ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Ojú lásán kò lè ya akọ sọ́tọ̀ lára abo.

Ilẹ̀, lábẹ́ koríko gíga, ló máa ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Nígbà mìíràn, inú ihò igi. Kì í já ìyẹ́ àyà sí i, nítorí náà ẹyin á kàn wà lórí koríko gbalasa. Ẹyin 8 sí 12 ló ń yé, kò sì ní í sàba títí yóò fi yé wọn tán. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi ń bá ẹyin tútù láìrí ìyá rẹ̀ nítòsí. Bí ó bá yé e tán, akọ àti abo á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn láti sàba lé e fún bí ọjọ́ 26 sí 28. Ẹ wá wò ó: bí ọdẹ bá yìnbọn pa ẹyọ kan, èkejì gbọ́dọ̀ dìde lọ jẹun, ẹyin á sì dá wà.

Bí ẹ bá já lu ìtẹ́, ọ̀nà tí ẹ gbà wá ni kí ẹ gbà padà. Ẹ má tẹ koríko mọ́lẹ̀ yíká, torí ojú ọ̀nà yẹn ni awọ́nríwọ́n ń tọ̀ débẹ̀. Àwọn ọmọ náà, ẹ má mú wọn lọ sílé. Kò pẹ́ tí wọ́n bá pa tán tí wọ́n fi ń wẹ̀, tí wọ́n ń wá oúnjẹ fúnra wọn, tìyá-tibàbá ló sì ń ṣọ́ wọn. Ó tó bí oṣù méjì kí wọ́n tó lè fò.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ onírẹsì lẹ́jọ́ lóòótọ́. Òru ni àwọn ẹyẹ yìí ń jẹun jù, irúgbìn tí ẹ fọ́n sínú omi tí kò jìn ni wọ́n sì ń ṣà. Ẹ kọ́kọ́ hu ìrẹsì lórí ebè kékeré, ẹ fi àwọ̀n bò ó, kí ẹ tó lọ́ ọ lọ sínú omi; kò ní í sí irúgbìn fún wọn láti ṣà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn kòkòrò po ọkà fún wọn. Ẹyẹ tí oògùn pa yẹn, ọjà ni wọ́n ń gbé e lọ, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́, oògùn náà ló jẹ.

Òǹkàwé yín