Ọ̀rọ̀ Tí Ẹnu Nọ́ọ̀sì Ń Kọ̀

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá wọn, mo kí àwọn ọmọ. Ọjọ́ Àìkú ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀rín ni mo fi kà á tán. O ní ọ̀rọ̀ ìṣègùn wo ló ṣì máa ń rí mi lára lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí. Ìwọ náà lo lẹ́nu ìbéèrè, ìwọ tó máa ń ki ìka bọ etí bí olùkọ́ wa bá ti fẹ́ pe "sputum".

Òun náà ṣì ni olórí wọn. Kì í ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ o. Mo ti gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ òwúrọ̀ sínú ike àyẹ̀wò ikọ́ ife ní àìmọye ìgbà, mo sì jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ yẹn gan-an ni. Bí ènìyàn bá ń pè é, ńṣe ló dà bíi pé ó ń tutọ́ lu ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni "slough", ẹran ara kíkú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò, tó rọ̀, tó pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀gá mi kan wà tí kì í pè é rárá; yóò kàn nawọ́ sí i, yóò ní, "Nǹkan yẹn ti ń dín kù."

Ti ọyún ní ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀. O mọ̀ pé àmì bíńtín ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ló ya ọyún sọ́tọ̀ kúrò lára oyún. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé fún àwọn ará ilé bàbá arúgbó kan tí a fẹ́ dá sílé, pé bí wọ́n bá rí i tí oyún ń jáde lẹ́sẹ̀ bàbá, kí wọ́n tètè gbé e padà wá. Ọmọ bàbá mú ìwé náà wá bá mi, ojú rẹ̀ le koko: "Ẹ jọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì, oṣù mélòó ni?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú bàbá fúnra rẹ̀. Àbí o mọ̀ pé ìgbà kan wà tí àwọn dókítà ń yin ọyún? Wọ́n ní gbólóhùn Látìn kan fún un, pus bonum et laudabile, ọyún dáadáa tó yẹ kí a yìn, nítorí wọ́n gbà pé bí ó bá ti ki, tó funfun, ọgbẹ́ ń jinná nìyẹn. Ó di ìgbà tí Joseph Lister, dókítà oníṣẹ́ abẹ, kọ̀wé ní 1867 nípa fífi ásíìdì kábólíìkì tó ń pa kòkòrò àrùn tọ́jú ọgbẹ́ kí ìyìn yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Ṣùgbọ́n àwọn tí mo ń bínú sí jù ni àwọn orúkọ tí wọ́n lọ yá nínú ilé ìdáná. Ta ló rán wọn? Èébì tí ẹ̀jẹ̀ ti pẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Ìgbẹ́ onígbáméjì, omi ìrẹsì. Ẹran ẹ̀dọ̀fóró tí ikọ́ ife ti pa, "caseous", ìyẹn bíi wàràkàṣì. Kókó tí ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ kún nínú ilé ẹyin obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní ti ṣokoléètì. Mo mọ̀ pé àfiwé wọn bá a mu. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní í ṣì í mú mọ́. Ohun tó bà á jẹ́ fún mi gan-an nìyẹn: títí dòní, bí mo bá mu kọfí dé ìdí ife, mo máa ń da ìyókù nù.

"Melena" nìkan ló dùn létí nínú wọn, àfi bí orúkọ ọmọge. Àwọn Gíríìkì ló ni ín, "dúdú" ló túmọ̀ sí: ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ tó ti òkè ikùn dà wá. Nọ́ọ̀sì tó bá ti gbọ́ òórùn rẹ̀ rí, láti ẹnu ọ̀nà ni yóò ti mọ̀ kó tó ká aṣọ. Ọpẹ́lọpẹ́ àtẹ Bristol tí wọ́n gbé jáde ní 1997, tó pín ìgbẹ́ sí oríṣi 7. "Oríṣi kẹfà" la kàn ń sọ síra wa báyìí. Gbogbo wa mọ ohun tó wà nínú póò, kò sẹ́ni tó ń ṣàpèjúwe.

Ọ̀kan tún wà tí kò dọ̀tí rárá, síbẹ̀ a kì í pè é: "quiet", ìyẹn pé ibi iṣẹ́ pa rọ́rọ́; a gbà pé ẹni tó bá pè é ló ń pe iṣẹ́ wá. O rántí? Bí ẹnikẹ́ni bá fi í ki wọ́ọ̀dù lálẹ́, ojú burúkú ni gbogbo wa ó fi wò ó. Ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ ìdánwò kan jáde lórí rẹ̀ ní 2019: wọ́n ń pè é lọ́jọ́ kan, wọn ò pè é lọ́jọ́ mìíràn, iṣẹ́ kò sì torí rẹ̀ pọ̀ sí i. Mo kà á, mo gbà á gbọ́, mi ò sì ní í pè é.

Ìyá Ìbejì, eré ni gbogbo ìyẹn. Àwọn tó ń dùn mí mọ́ tónítóní. "Aláìsàn sẹ́ pé àyà ń dun òun": a bi í léèrè, ó ní àyà kò dun òun, a wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n mú olè. "Heart failure": àwọn ará ilé á bú sẹ́kún, wọ́n rò pé ọkàn ti dáṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé agbára rẹ̀ ló dín kù. Oyún tó bàjẹ́ mọ́ obìnrin lára, "abortion" ni wọ́n ń kọ, bíi pé ó lọ ṣẹ́ ẹ. Àwọn dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 1985 pé kí a máa lo "miscarriage", ìyẹn oyún tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀, dípò rẹ̀. Mo ṣì ń rí ti àtijọ́ nínú fáìlì.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé, ẹnu ara mi ló ti jáde. Òwúrọ̀ ni, à ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe alẹ́, a dé ìdí bẹ́ẹ̀dì obìnrin kan tí oyún ti bàjẹ́ mọ́ lára lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù márùn-ún. Mo ṣí fáìlì, mo kà á sókè fún ẹnìkejì mi: "incompetent cervix". Obìnrin náà jókòó, ó ń ká etí aṣọ ìbora mọ́ ìka. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì, èwo lára mi ni kò mọṣẹ́?" Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo wá ọ̀rọ̀ tì. Ẹnìkejì mi ti sún sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Mo ní "kò ṣe nǹkan", mo bá tẹ̀ lé e. Kò ṣe nǹkan! Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè sọ.

Ó padà wá lóṣù tó kọjá, oyún ọ̀sẹ̀ 13, wọ́n fẹ́ fi òwú so ọrùn ilé ọmọ náà pọ̀. Àwọn ìwé tuntun ti ń kọ "cervical insufficiency" báyìí, bí ẹni ní ọrùn ilé ọmọ kò tó, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn lójú mi. Mo fa àga, mo jókòó tì í. Mo ní, "Ọrùn ilé ọmọ yín máa ń tètè ṣí bí ọmọ bá ti ń wúwo. Wọ́n fẹ́ dè é ni."

"Ó máa ń tètè ṣí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún un sọ jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀, ó wá ní kí n bá òun kọ ọ́ sínú ìwé, kí òun lè fi han ọkọ òun. Mo kọ ọ́.

Alẹ́ ni mò ń ṣe lónìí, aago sì ti ń lọ. Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, kí ni ẹ ń pè é?

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì