Lẹ́tà gbangba sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó: ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì àwọn gómìnà

Lọ́ńdọ̀nù, 2021

Sí Olórí Ilé àti gbogbo ẹ̀yin ọlọ́lá aṣòfin.
Ẹ̀dà: àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àmúmọ́ra àrùn Kòrónà yìí.

Kí a tó sọ ohun tó gbé wa dìde, ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá ni wá, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù la ti ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù láti ọdún 1996. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, lọ́yà wà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì náà wà. Alága wa ti ṣe káńsẹ́lọ̀ níhìn-ín lẹ́ẹ̀mejì. Àwa la ra ibùsùn fún ilé ìwòsàn kan nílé, fọ́tò rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò wa. A ò fọ́nnu o. Wọ́n ti máa ń sọ fún wa pé ará òkè òkun ò mọ ohun tó ń lọ nílé ni.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, nígbà tí Gómìnà Sanwó-Olú gbé ìṣúná 2021 wá síwájú yín, ó ní òun yóò fi àbá ránṣẹ́ kí ẹ lè fagi lé òfin 2007 tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fún gómìnà àti igbákejì rẹ̀. Orí Zoom la wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá kan nínú wa gbàgbé pé òun ò tíì pa ohùn ẹ̀rọ òun, ó da orin sílẹ̀, gbogbo wa sì gbè é. Àbá dé ọwọ́ yín tán, ìdajì lẹ ní kí wọ́n gé nínú owó náà. Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo.

Ìdajì kí ni? Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí. Òfin 2007 ní kí gómìnà tó bá ṣe sáà méjì gba ilé kan ní Èkó, kó tún gba òmíràn ní Àbújá. Ọkọ̀ tuntun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Gbogbo owó oṣù gómìnà tó wà lórí oyè, títí ó fi máa kú. Owó àga àti tábìlì, tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù ọdún kan, ní ọdún méjì-méjì. (Irú àga wo ló ń bàjẹ́ lọ́dún méjì?) Alásè rẹ̀ àti ẹni tó ń tún ọgbà rẹ̀ ṣe, òfin ní kí wọ́n gba owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú.

Ọdún 2007 yẹn kan náà ni Èkó ṣe òfin fún òṣìṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n máa yọ nínú owó oṣù tirẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ogbó. Òṣìṣẹ́ ń dá àjọ, ọ̀gá rẹ̀ ń kó èyí tí kò dá.

Ìyá ọ̀kan nínú wa fi ọdún 35 ṣe tíṣà. A ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ọdún tó kọjá, wọ́n tún pè wọ́n fún àyẹ̀wò, kí wọ́n wá fi hàn pé àwọn ò tíì kú. Aago márùn-ún ìdájí ni mọ́mì ti jókòó lórí àpótí tó gbé láti ilé, fáìlì rẹ̀ wà nínú náílọ́ọ̀nù kí òjò má bàa pa á. Nígbà tó kàn án, ẹ̀rọ kò mọ ìka rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì àti ata lílọ̀ ti jẹ ojú ìka náà. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní kó lọ fi òróró pa á, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ló ń ní kí gómìnà àná wá tẹ̀ka?

Ẹ ò lè ní òfin ló dè yín lọ́wọ́. Ìwé òfin 1999, abala 124, sọ pé ilé aṣòfin LÈ ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì fún gómìnà. Lè ni, kì í ṣe dandan. Abala 210 ló sọ dandan: owó òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìntì, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ó pẹ́ tán. Èyí tí ẹ lè ṣe lẹ ṣe, ẹ fi èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀!

Ní Zamfara, gómìnà àná kọ lẹ́tà pé òun ò rí mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà oṣooṣù òun gbà. Àwọn aṣòfin ibẹ̀ fagi lé òfin náà pátápátá ní oṣù Kọkànlá 2019. Oṣù yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó pàṣẹ pé kí wọ́n gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn gómìnà àná tó tún ń gba owó oṣù sẹ́nétọ̀ tàbí mínísítà. A ṣì ń retí.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn ìlà kan ṣoṣo. Bí ẹ kò bá lè fagi lé e, ẹ kọ orúkọ gómìnà àná sí ìsàlẹ̀ ìwé tí orúkọ àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì àti agbálẹ̀ tó fẹ̀yìntì wà, kó má gba kọ́bọ̀ títí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ yóò fi gba tirẹ̀. Kí wọ́n máa lẹ ìwé náà mọ́ pátákó ní sẹkitéríàtì gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ lóṣooṣù. Kò náni ju gọ́ọ̀mù lọ. Ẹ̀yin gómìnà yòókù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. A tún un sọ: ìlà kan ṣoṣo.

Lẹ́tà kẹta wa rèé sí àwọn aláṣẹ nílé. Ọ́fíìsì tí a kọ méjì àkọ́kọ́ sí kò fèsì, àmọ́ nígbà tí wọ́n ń wá owó fún ayẹyẹ, wọ́n rí nọ́ńbà wa pè.

Mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ wa kọ̀ láti fọwọ́ sí lẹ́tà yìí, wọ́n ní ó rọ̀ jù. Mọ́mì tíṣà ní kí a bá òun kí yín, òun ti ra òróró.

Àwa ni tiyín,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò, lórúkọ ẹgbẹ́.