Omi ń kán lé mi lórí, mi ò sì ní ìbò

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Glasgow, ní Scotland, ni mo ti ń kọ̀wé yìí, mi ò sì wá bá ẹnikẹ́ni jà. Òǹkàwé yín kan ló kọ̀wé pé àwa tá a ti jápa, a ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà ilé alájọgbé, pé kálukú wa ti ní fláàtì tiẹ̀, kò sí ta ló gbé ìgbálẹ̀ mi mọ́, kò sí ta ló lo omi inú dúrọ́ọ̀mù tán, à ń tilẹ̀kùn mọ́rí, à ń jẹ̀gbádùn. Mo rẹ́rìn-ín gan-an ni. Ẹ jẹ́ n sọ irú ilé tí mò ń gbé fún yín.

Tenement ni wọ́n ń pè é níbí. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn kan pupa, àwọn kan ní àwọ̀ iyanrìn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti lé ní 100 ọdún dáadáa. Àjà mẹ́rin ló wà lérí ara wọn nínú tiwa, fláàtì méjì lórí àjà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mẹ́jọ, gbogbo wa sì ń gba àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú ọ̀nà àbáwọlé ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní close. Líìfùtì kẹ̀? Òkè téńté ni mo wà. Ọjọ́ tí mo bá lọ ra àpò ìrẹsì, mo máa ń dúró mí lórí àjà kọ̀ọ̀kan, àwọn aráalé á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n á ní ṣé kò sí o, wọ́n á sì máa lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ dà mí lórí rú ni àdírẹ́ẹ̀sì. Fláàtì mi ń jẹ́ 3/2, ìyẹn ni pé àjà kẹta, ilẹ̀kùn kejì, àwọn tó wà nílẹ̀ ń jẹ́ 0/1 àti 0/2. Bí wọ́n ṣe ń kà á ní gbogbo Glasgow nìyẹn, kò sì le, àmọ́ fóòmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ò fẹ́ràn sláàṣì yẹn rárá. Ọ̀kan á gbà á, òmíì á ní àmì tóun ò mọ̀ ni, mo bá kọ ọ́ ní 32, wọ́n bá gbé ẹrù mi lọ sí ilé tó ń jẹ́ nọ́ńbà 32 lápá ìsàlẹ̀ títì. Báǹkì kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, àwọn oníná mànàmáná kọ ọ́ bó ṣe wu àwọn náà, ọjọ́ tí mo wá fẹ́ gba fóònù tí wọ́n ń san owó ẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n ní àdírẹ́ẹ̀sì mi ò bára mu, pé ṣé ó dá mi lójú pé mò ń gbé ibi tí mò ń gbé. Iṣẹ́ dátà ni mò ń ṣe jẹun o! Irú àdírẹ́ẹ̀sì játijàti báyìí ni mò ń tún ṣe fáwọn ẹlòmíì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ níbi iṣẹ́, tèmi ni mi ò rí tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá dé kíṣìnì. Láti oṣù kejì ọdún 2022, òfin Scotland ti sọ pé gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ní alámù iná, èyí tó ń gbóòórùn èéfín ní pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tó ń mọ ooru lára ní kíṣìnì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra, tí ọ̀kan bá ké, gbogbo wọn á jọ ké ni. Lẹ́yìn iná tó jó ilé gogoro Grenfell ní London lọ́dún 2017 ni wọ́n ti ń mú ọ̀rọ̀ yẹn bọ̀, mi ò sì lè ní òfin burúkú ni. Àmọ́ àwọn tó jókòó ṣòfin yẹn, ó dá mi lójú pé kò séyìí tó din ata rí nínú wọn. Mo lè ṣí fèrèsé, kí n ti ilẹ̀kùn kíṣìnì, kí n ki aṣọ sí abẹ́ ilẹ̀kùn, kí àlùbọ́sà ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n nínú epo báyìí, pííí! ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gbé e, ti pálọ̀ ti gbè é, èmi náà á gbé àga, máa gun òkè lọ máa fi tówẹ́ẹ̀lì fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni ìwé á wá yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí pé àwọn míì ń ṣiṣẹ́ látilé. Ẹ ṣé." Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà fláàtì, wọ́n kàn fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ ni.

Ìwé yẹn gan-an ló ń bí mi nínú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ìwé ni wọ́n ń kọ sí gbogbo nǹkan. Ẹnì kan ju ìgò sínú bíìnì búlúù dípò èyí tó jẹ́ aláwọ̀ pọ́pù tí wọ́n ń kó ìgò sí, ìwé á yọ lójú àtẹ̀gùn. Ẹnì kan gbé kẹ̀kẹ́ sísàlẹ̀, ìwé. Ìlẹ̀kùn ìta ò padé dáadáa, ìwé, tòun ti ìlà pupa nídìí ẹ̀. Nígbà tá a wà ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, tá a ń gbé ilé fẹ́ẹ̀sì-mí-n-fẹ́ẹ̀sì-ẹ, ìyá ẹlẹ́kọ tó wà ní yàrá kejì sí tiwa á kàn bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, á ti so ìró mọ́dìí, "Ta ló da omi ọṣẹ sójú ọ̀nà yìí? Ẹ fẹ́ kí n ṣubú lulẹ̀ kú kẹ́ ẹ wá jẹ ìrẹsì òkú mi, àbí?" Gbogbo ilé ló mọ ẹni tó ń bá wí, ẹni náà á fèsì, wọ́n á bú ara wọn dé orí ìdílé, àwọn àgbà á bá wọn dá sí i, kílẹ̀ tó ṣú ó ti tán. Mi ò ní ariwo yẹn dáa o, ó máa ń fọ́ mi lórí, torí ẹ̀ ni mo ṣe búra pé mi ò tún ní gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tó bú ẹ lójú, wàá lè bá a sọ̀rọ̀, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá sẹ̀lótéèpù sọ̀rọ̀?

Kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òrùlé tó mú mi kọ̀wé, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, kí wọ́n má bàa ní ìkúnsínú nìkan ni mo wá sọ. Òfin wọn níbí gbe ayálégbé ju tiwa lọ fíìfíì. Ẹ́jẹ́ǹtì ò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ẹ pé ó mú ẹ wo ilé. Owó ìdúró (deposit) tí lánlọ́ọ̀dù máa gbà ò gbọ́dọ̀ ju réǹtì oṣù méjì lọ, kò sì gbọ́dọ̀ fi sápò ara ẹ̀, ó ní láti gbé e fún àwọn elétò kan tí ìjọba fọwọ́ sí, tí wọ́n á bá yín tọ́jú ẹ̀. Láti oṣù kejìlá 2017, ìwé àdéhùn ayálégbé tuntun ò ní ọjọ́ ìparí mọ́, lánlọ́ọ̀dù ò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní ọdún rẹ ti pé, máa lọ, ìwọ ayálégbé lo lè fún un ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 28 kó o sì kó jáde. L'Ékòó ńkọ́? Láti 2011 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé lánlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ilé gbà ní Yábàá lónìí.

Ọ̀rọ̀ òrùlé wá ni. Omi ń kán sínú yàrá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ bí àmì kékeré kan lókè sílíǹ, ó fẹ̀, ó pọ́n bíi tíì, ó wá ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sún bẹ́ẹ̀dì, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé òjò Glasgow kì í ṣe òjò Ìbàdàn. Tẹ́ ẹ bá wọn òjò tó ń rọ̀ láwọn ìlú méjèèjì lọ́dún kan, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, wọ́n jọ lé ní 1,000 mílímítà. Àmọ́ tiwa n'Íbàdàn á dú, á fẹ́ atẹ́gùn, á rọ̀ bí ẹni bínú, á tán, oòrùn á yọ. Tibí á kàn máa ta wínníwínní láti àárọ̀, kò ní pọ̀ débi tí wàá wá ibi sá sí, kò sì ní dá débi tí wàá sá aṣọ, ó ju 150 ọjọ́ lọ nínú ọdún. Òjò bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ òrùlé, torí síléètì òkúta tí wọ́n fi bò ó ti dàgbà ju bàbá bàbá mi lọ.

Mo kọ̀wé sí ẹ́jẹ́ǹtì, ẹ́jẹ́ǹtì kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù, lánlọ́ọ̀dù ní òun gbọ́, ó ká òun lára, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló ni òrùlé. Mo rò pé ó ń tàn mí ni, mo lọ ka òfin náà fúnra mi, Tenements (Scotland) Act 2004, àṣé òótọ́ ló ń sọ. Àfi tí ìwé tí àwọn onílé fi ra ilé bá sọ nǹkan míì, gbogbo onílé tó wà lórí àtẹ̀gùn kan ló jọ ń tún òrùlé ṣe, títí kan ẹni tó wà nílẹ̀ tí omi ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láéláé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fláàtì mẹ́jọ, ìbò márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń bá wọn bójú tó ilé, factor ni wọ́n ń pè é, òun ló ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pé iye tó máa ná wọn rèé, irin àgùnkè táwọn òṣìṣẹ́ máa dúró lé lórí nìkan gba owó tó ju síléètì fúnra ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìbò. Àwọn kan ò fèsì. Àwọn kan wà lókè òkun, réǹtì ṣáà ń wọlé fún wọn. Fláàtì kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀ sì ń jà sí ogún, mo ní ẹ wò ó, ilé mọ̀lẹ́bí náà wà níbí!

Èmi tí omi ń kán lé lórí wá ńkọ́? Mi ò ní ìbò, torí ayálégbé ni mí. Nínú gbogbo àwọn tó ń dìbò lórí omi yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń kán lé lórí. Òfin ní lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ rí i pé òjò àti atẹ́gùn ò wọlé bá mi, ilé ẹjọ́ àwọn ayálégbé wà tí mo lè gbé e lọ láìsanwó, àmọ́ tó bá fi hàn pé òun ti sa ipá òun, pé àwọn onílé yòókù ni ò gbà, ó lè bọ́ níbẹ̀. Council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, náà lágbára láti san ìpín ẹni tí ò bá rí owó ẹ̀ san tàbí tí wọn ò rí, kí wọ́n wá gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn onílé ló sì ń béèrè fún un, kì í ṣe èmi. Ẹ ó ní kí n kó jáde jàre. Kó jáde lọ síbo? Oṣù kọkànlá 2023 ni wọ́n ti kéde níbí pé ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ti di pàjáwìrì ní Glasgow, tí wọ́n bá ní ẹ wá wo fláàtì kan, ìlà á ti dé ẹ̀yìn títì kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Màámi ló bú mi lórí fóònù. "Ṣé o ti kí àwọn ará ilé ẹ ni, àbí ímeèlì lo fi ń kí wọn?" Mo din puff-puff (alámù ké, mo sì jẹ́ kó máa ké), mo gbé e lọ sí 0/1, ọ̀dọ̀ màmá àgbàlagbà kan. Ìdajì òyìnbó tó ń sọ ni mo gbọ́, ti Glasgow yìí le, àmọ́ a jókòó pẹ́. Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, ojú àtẹ̀gùn ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ìdílé mélòó kan ló jọ ń lo ẹyọ kan, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń fọṣọ, kálukú ló sì ní ọjọ́ tiẹ̀, tó bá kan ẹ láti fọ àtẹ̀gùn wọ́n á gbé káàdì kọ́ ẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn, o ò sì gbọ́dọ̀ má fọ̀ ọ́, torí ẹnu ni wọ́n á fi bá ẹ wí, gbogbo àtẹ̀gùn á sì gbọ́. Mo wá sọ ti òrùlé. Ó yà á lẹ́nu. Kì í ṣe pé ó kọ̀ láti dìbò, màmá ò ní ímeèlì ni! Gbogbo ìwé tí factor ń fi ránṣẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì ọmọ ẹ̀ kan tó ti kó lọ sí Kánádà ló ń lọ. Ó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì.

Ìbò ti di mẹ́rin báyìí, ó ku ẹyọ kan. Torí náà, olóòtú, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti ra fláàtì sí Glasgow, tí wọ́n gbé e fún ayálégbé, tí wọ́n wà ní Lẹ́kkí tàbí Bódìjà báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ wà. Ímeèlì tó ń wá látọ̀dọ̀ factor yẹn, ẹ bá wa ṣí i.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Mọ́kọ́lá, 3/2, Glasgow