Senami, ohùn rẹ ni mo ń wá

Senami mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọmọ ńkọ́? Òtútù Glasgow ńkọ́? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ní kí n kọ̀wé sí ọ, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Ní báyìí tí mo ń kọ ọ́, Makoko ni mo ti ń bọ̀. Mi ò tíì wẹ̀, òórùn ẹja yíyan ṣì wà lára aṣọ mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mi ò ní lè sùn bí mi ò bá sọ ọ́ fún ọ.

Ìyá Mautin ti mú Mautin kúrò nílé ìwé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó o. Ìwé, aṣọ ilé ìwé, bàtà, ẹgbẹ́ wa ti san gbogbo rẹ̀ títí di ìparí ọdún. Kì í sì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kó wá máa yan ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí ààrò ni mo ti bá a, tí èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ nílé ìwé náà ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ láti gún àwọn ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ni ẹnì kan bá wọ ọkọ̀, ó ń wà á kiri láàárín àwọn ilé orí omi, ó ń sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ àgàn ni. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ìyá mọ́kànlá ti fa ọwọ́ ọmọ wọn lọ sílé.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní Nàìjíríà, tí Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ni àhesọ yìí ti ń jà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Bóyá ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ta ló ti fún wọn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ rí tí kò padà wá béèrè ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Mo jókòó ti Ìyá Mautin títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn ò bínú sí mi. Wọ́n gbé àpótí fún mi, wọ́n fún mi lómi, wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan: “Àìsàn tí ẹ ní ọkùnrin ló ń kó o ran obìnrin, kí ló kan ọmọ mi tí kò tíì mọ ọkùnrin?” Mo ní ìdí tó fi yẹ kó gbà á báyìí gan-an nìyẹn, torí tí kòkòrò yẹn bá ti wọ ara tán, abẹ́rẹ́ ò lè lé e jáde mọ́. Ó yé èmi tí mò ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń sọ ọ́, o sì mọ Ègùn tèmi, kò kọjá kíkí àti iye tí wọ́n ń ta ẹja. Ọmọ àbúrò wọn ló ń bá wa ṣe ògbufọ̀. Mo máa sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí, tó bá dé ẹnu ọmọ yẹn, á di gbólóhùn méjì.

Senami, Àǹtí mi ni mò ń rò. O wà níbẹ̀. O rántí bí wọ́n ṣe fi ẹ̀jẹ̀ yẹn pamọ́ fún wa, tí wọ́n ń pè é ní nǹkan oṣù tí kò tètè dá, títí a fi dé iwájú dókítà tó ní ó ti pẹ́ jù. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún Ìyá Mautin. Mo la ẹnu, ohùn ò jáde.

Jẹ́ kí n fi ìròyìn yòókù há ibí: orúnkún màmá mi ti ń sàn, wọ́n ti ń dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, onílé ti fowó kún owó ilé, ìyàwó àbúrò mi bí ìbejì, akọ kan, abo kan, ariwo Táíwò nìkan là ń gbọ́.

Ọmọkùnrin tó máa ń wa ọkọ̀ fún wa náà ti wọ JSS 1! Inú rẹ á dùn. Nígbà tí ilé ìwé orí omi tí Kunlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀ wó ní oṣù kẹfà ọdún 2016, tí o ní ó ti parí nìyẹn, ṣebí mo ní ká ní sùúrù? Makoko yìí náà ni Otto Orondaam ti bẹ̀rẹ̀ Slum2School, ẹgbẹ́ tó ń rán àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ní 2012, lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n bá a dé. Àwa ò tó wọn, àwa mẹ́fà péré la kù, owó tó wà lọ́wọ́ wa ò sì lè kọjá ìparí ọdún. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń kàwé.

Bí mo ṣe dìde pé mò ń lọ ni Ìyá Mautin ní, “Nọ́ọ̀sì yẹn, ọmọ tiwa, ibo ló wà?” Ìwọ ni wọ́n ń bi mí o. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí mi létí: omi tó mọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí kékeré 6 tí a gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kékeré. Wọn ò fo ọ̀kankan. Wọ́n ní òun ló gba Mautin là lọ́jọ́ ìgbẹ́ gbuuru yẹn, àti pé Ègùn lo fi sọ ọ́ fún àwọn, ìwọ lo sì kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ kí o tó fún ọmọ.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, gba ohùn rẹ sílẹ̀ fún mi lórí WhatsApp, ní Ègùn. Má ṣe é bí ìwàásù. Sọ fún wọn pé ọmọ tìrẹ gbà á nílé ìwé lọ́dún tó kọjá, pé láti 2008 ni wọ́n ti ń gún àwọn ọmọbìnrin ní Scotland, pé àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ti ń gbọ́mọ pọ̀n. Sọ ti ìwádìí 2024 tí o fi ránṣẹ́ sí mi, pé nínú àwọn tó gbà á pé láti ọmọ ọdún 12 tàbí 13, wọn ò rí jẹjẹrẹ yẹn lára ẹnì kankan. Sọ ti apá tó máa ń ro wọ́n fún ọjọ́ kan méjì náà, má fi pamọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ tán tí wọ́n ṣì kọ̀, mi ò ní dá wọn lágara mọ́ nípa abẹ́rẹ́. Màá kàn bẹ̀ wọ́n kí ọmọ padà sí kíláàsì, torí ìdánwò rẹ̀ ti sún mọ́lé.

Kó dé ọwọ́ mi kó tó di Ọjọ́rú, jọ̀ọ́. Kọ́kọ́ pe orúkọ tí o máa ń pè wọ́n, wọ́n á mọ̀ pé ìwọ ni.

Mautin kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá yìnyín tó ń já bọ́ níbẹ̀ ṣe é fi tọ́jú ẹja.

Èmi ni,
Àdùkẹ́