Sí Àkànní, lórí àwọn ọmọ tí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́

Ìkòròdú

Àkànní ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o. Mo bá ọ yọ̀ pé wọ́n fi ọ́ ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Mo sì gbọ́ ohun tí alága yín wí, pé ife ẹ̀yẹ lòun fẹ́ rí lọ́dún yìí, òun ò fẹ́ àlàyé. O béèrè bóyá kí o mú àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn gòkè láti ikọ̀ ọ̀dọ́ báyìí, àbí kí o dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá múlẹ̀. Mú wọn gòkè. Ṣùgbọ́n má ṣe di ẹrù ife náà lé wọn lórí. Àwọn àgbà ni kó lọ gbà á wá, kí àwọn ọmọ máa dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ajax, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Netherlands, ti ọdún 1995 ni gbogbo ayé fi ń ṣàpẹẹrẹ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọmọdé. Ní Vienna, wọ́n na AC Milan 1-0 nínú àṣekágbá Champions League, Kluivert ọmọ ọdún 18 ló gbá a wọlé. Kanu tiwa náà gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ọdún 18 lòun náà. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rántí ni pé orí bẹ́ǹṣì làwọn méjèèjì ti dìde. Kí wọ́n tó wọlé, Danny Blind àti Frank Rijkaard, tí wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ti wà lórí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: Van Gaal, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, mọ èyí tó jẹ́ pẹpẹ, ó sì mọ èyí tó jẹ́ kèrègbè. Lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù August, Aston Villa na Manchester United tí ọmọdé pọ̀ nínú rẹ̀ 3-1, Alan Hansen, agbábọ́ọ̀lù Liverpool nígbà kan rí, sì sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé kò sẹ́ni tó lè fi ọmọdé gba ife kankan. United gba líìgì àti ife FA ní sáà náà. Àmọ́ Schmeichel ló ń ṣọ́ ilé, Bruce àti Keane wà níwájú rẹ̀, Cantona sì padà sáàárín wọn ní October nígbà tí àkókò tí wọ́n ní kó má fi gbá bọ́ọ̀lù parí.

Nítorí náà, tí alága bá fẹ́ lé àwọn àgbà inú ikọ̀ rẹ lọ nítorí owó oṣù, ibẹ̀ ni kí o ti bá a fà á. Láìsí wọn, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn á jìyà lọ́wọ́ rẹ.

Jọ̀wọ́, máa wo ojú ọmọ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, mo wo ọmọ kan ní pápá wa níbí, apá òsì ló ń gbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó gé ẹnìkan, ó fẹ́ gé ìkejì, wọ́n gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kó tó sáré padà, ojú rẹ̀ ti lọ sí bẹ́ǹṣì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ti dìde, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí, ó ń pariwo. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tún dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ẹ̀yìn ló dá a padà sí. Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn náà ni. Ẹgbẹ́ wọn borí, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú mi ò dùn, torí ohun tí ọmọ yẹn fi yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bá a mú kúrò. Tí ọmọ rẹ bá gbìyànjú ohun tó tọ́ tí kò bọ́ sí i, jókòó jẹ́ẹ́. Pè é lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ẹ̀yin méjèèjì sọ ọ́.

Béèrè oṣù tí wọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January ni wọ́n fi ń pín ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí ní January àti èyí tí wọ́n bí ní December ọdún kan náà wà nínú ẹgbẹ́ kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan láàárín wọn. Lọ́mọ ọdún 14, ọ̀kan á ti fi èjìká ti ìkejì ṣubú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń wá àjáwé olúborí á mú èyí tó tóbi, èyí tó kéré á sì gbé bàtà rẹ̀ lọ sílé, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ bọ́ọ̀lù jù.

Má sì lo ọmọ ní ìlòkulò. Pedri, ọmọ Spain, gbá ohun tó lé ní 70 ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ní 2020/21, Barcelona, Euro àti Olympics pa pọ̀, ọmọ ọdún 18 ni. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, iṣan itan rẹ̀ ò jẹ́ kó rímú mí. Tó o bá ti ń borí pẹ̀lú góòlù mẹ́ta, kí ló dé tí ọmọ kò ní jókòó?

Ti ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù ńkọ́, ìyẹn ọjọ́ orí tí wọ́n fi irọ́ dín kù? Àkànní, má dáwọ́ lé e láéláé, ẹni yòówù tó bá mú ìwé wá. Lọ́dún 1989, FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje ọ̀dọ́ fún ọdún méjì nítorí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu, wọ́n sì gba àlejò ìdíje 1991 lọ́wọ́ wa fún Portugal. Láti 2009 ni wọ́n ti ń fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ, orílẹ̀-èdè wa níbí sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó nínú ìdíje àgbáyé U-17, ti àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ. Ẹni ọdún 22 tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn ọmọ ọdún 17 ń gba àyè ọmọ ẹlòmíràn ni.

Nígbà tí o bá fẹ́ bá alága sọ̀rọ̀, bá a sọ èdè tó ń gbọ́. Tí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó tán, 5% owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Àmọ́ tí orúkọ ọmọ kò bá sí nínú ìwé yín dáadáa, ẹ ò ní rí kọ́bọ̀. Èyí tí kò bá tíì rí àyè lọ́dọ̀ rẹ, yá a fún ẹgbẹ́ tó máa lò ó. Osimhen tiwa ò jẹ góòlù kankan ní líìgì fún Wolfsburg ní Germany. Charleroi ní Belgium ni wọ́n yá a fún lọ́dún 2018, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti là, ó dé Lille, ó dé Napoli, ó sì gba líìgì Ítálì ní 2023.

Látìgbà tí Ìkòròdú City ti gòkè sí NPFL, líìgì tó ga jù nílẹ̀ wa, lọ́dún 2024, kò sí ọmọ kan láti Sábó dé Ìgbógbó tí kò ní bọ́ọ̀lù lòun máa gbá, àwọn tó ń pera wọn ní ejẹ́ǹtì sì ti gbọ́. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí, wọ́n ní àwọn á mú ọmọ ọdún 15 dé Yúróòpù. Pe àwọn òbí àwọn ọmọ rẹ jọ, kí o là á yé wọn pé FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sọdá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nítorí bọ́ọ̀lù, àfi ìdí díẹ̀ tí kò kan tiwọn. Sọ fún wọn pé kí ọmọ ṣe WAEC. Púpọ̀ nínú wọn ò ní fi bọ́ọ̀lù jẹun, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ni kí o rí alága, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, iye ìṣẹ́jú tí àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn máa gbá kí sáà tó dé ìdajì. Tó bá ní mẹ́rin ti pọ̀ jù, gba méjì lọ́wọ́ rẹ̀, má kọ̀. Tó bá tún ní òun ò fẹ́ ẹyọ kan, pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà ká jọ rò ó kí o tó fèsì.

Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o máa jẹun kí o tó lọ sí pápá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ