Ẹ̀sùn Lórí Yàrá Kọ̀ǹpútà Tí Ẹ Ṣe fún Ilé-ẹ̀kọ́ Wa

Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
10 Oṣù Kejì, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Èmi ni olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ẹ ta thin client 20 (àpótí kọ̀ǹpútà kékeré tó gbára lé kọ̀ǹpútà ńlá) àti server kan (kọ̀ǹpútà ńlá náà) fún nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè yín lórí fóònù, mo sì ti wá sí ọ́fíìsì yín lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́tà yìí ló ṣe ìkarùn-ún. Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, nítorí owó wọn la fi ra ọjà náà.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. N kò ní kí ẹ lọ gbé Windows wá o. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni ká lò, torí owó láísẹ́ǹsì, torí fáírọ́ọ̀sì, àti pàápàá torí iná. Àpótí kékeré tí kò ní hard disk, tí kì í jẹ ju nǹkan bíi wáàtì 15 lọ, ni inverter wa lè gbé nígbà tí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Láti ọdún 1999 ni LTSP tí ẹ lò yìí, ètò Linux tó ń jẹ́ kí server kan bọ́ ọ̀pọ̀ àpótí, ti wà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gíríìsì sì ń fi kọ́ ọmọ títí di òní. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi dùn mí nígbà tí ẹni tí ẹ rán wá sọ lójú àwọn ọmọ pé, "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni Linux, ohun tí ẹ bá rí, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀." Linux lè jẹ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ yín kọ́. Rìsíìtì yín wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ gbé Ubuntu 24.04, irú Linux kan, pẹ̀lú odindi GNOME rẹ̀ (ojú iṣẹ́ tó wúwo) lé àpótí tí memory rẹ̀ kò ju 2 GB lọ. Àwọn tó ń ṣe Ubuntu fúnra wọn ló kọ ọ́ síta pé 4 GB ni kí ènìyàn ní. Ẹ rò pé nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti wà lórí server, kò séwu. Ewu wà. Nínú LTSP òde òní, server kàn ń fi ètò ránṣẹ́ gba orí wáyà ni. Àpótí tó wà níwájú ọmọ ló ń ṣiṣẹ́, memory tirẹ̀ ló sì ń ná. Kọ̀ǹpútà tó ní hard disk, bí memory bá kún, á rí ibi da díẹ̀ sí. Àpótí tiwa kò ní ibì kankan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọbìnrin SS2 kan ń fi LibreOffice tẹ àròkọ. Mo ní kó ṣí Firefox kó wo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Ọfà máòsì dúró lórí lẹ́tà k, kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Ọmọ náà rọra gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì, ó wá ń wojú mi bí ẹni tó fọ́ àwo ìyá rẹ̀. Ìgbà tí a máa pa á, tí a tún un tàn, àròkọ ti lọ. Méje nínú 20 ló kú bẹ́ẹ̀ kí aago tó lù.

Nígbà tí mo pariwo, ẹ wá ní oṣù Kọkànlá, ẹ yí i padà: ẹ ní kí server máa ṣe gbogbo iṣẹ́, kí àwọn àpótí máa fi àwòrán rẹ̀ hàn lásán. Ó dáa, bí thin client àtijọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n 16 GB ni memory server, GNOME 20 lẹ sì kó lé e lórí, tòun ti Firefox 20. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Ìyá Àgbà, torí bí wọ́n bá pè é, ó di ìgbà tó bá wù ú kó tó dáhùn. Fídíò ló wá burú jù. Skirínì wa jẹ́ 1024 sí 768. Tí a bá ka báìtì mẹ́ta fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan (àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán), àwòrán kan ti lé ní 2 MB. Tí fídíò bá ń fi 25 irú rẹ̀ hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti ń lọ sí 60 MB fún ọmọ kan ṣoṣo. Wáyà tí ẹ fà láti ìdí server sí switch (àpótí tó so gbogbo wáyà pọ̀), 100 Mbps ni. Kò lè gbé ju nǹkan bíi 12 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, ogún ọmọ ló sì ń pín in. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń fún àwòrán pọ̀ kó tó kọjá, ṣùgbọ́n processor Ìyá Àgbà kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ fífún yẹn. Mo fi fídíò bí ọkàn ṣe ń lù han kíláàsì báyọ́lọ́jì. Ọkàn náà lù lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

Èyí tó mú mi kọ̀wé yìí gan-an kéré sí ìwọ̀nyẹn. Linux ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ó wà lábẹ́ Nigeria nínú àwọn tí ènìyàn lè yàn, inú olùkọ́ Yorùbá wa sì dùn débi pé ó mú ìwé rẹ̀ wá sí yàrá kọ̀ǹpútà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan lè yàn án fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n a ní ọmọ tó lé ní 300. Ẹni tó bá ní password alábòójútó lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó kan gbogbo wọn. Mo bèèrè password. Ẹ ní àṣírí ilé-iṣẹ́ ni, pé ká san ₦25,000 kí ẹ tó rán ẹnì kan wá tẹ̀ ẹ́ fún wa. Ètò tí gbogbo ayé lè ṣí wò, ẹ ra àgádágodo sí i, ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Password yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́, nínú ọ̀sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà kí ẹ yọ GNOME, kí ẹ fi MATE tàbí XFCE tó fúyẹ́ jù ú lọ sí i, kí ẹ fi memory kún ti server, kí ẹ sì fún wa ní switch gigabit, tó yára ní ìlọ́po mẹ́wàá. Tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ má fi oníṣẹ́ yín kan dán an wò lórí àpótí kan bí ẹ ti ṣe nígbà àkọ́kọ́. Ogún ọmọ ni yóò jókòó, wọn yóò tàn án pa pọ̀, wọn yóò lò ó fún wákàtí kan, èmi yóò sì dúró níbẹ̀. Láti 2015 ni JAMB ti gbé ìdánwò rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà pátápátá. Àwọn ọmọ SS3 wa gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan nǹkan kí oṣù Kẹrin tó dé.

Ọjọ́ 14 ni mo fún yín. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó yín ṣì wà lọ́wọ́ wa, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Tí n kò bá gbúròó yín, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni ìwé tó kàn ń lọ.

Mo máa ń wà ní yàrá náà láti aago mẹ́jọ, Ajé sí Ẹtì. Kí ẹni tí ẹ bá rán mú wáyà Cat 6 dání, àwa ò ní.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà.