Ẹ jẹ́ ká jáde ṣeré, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síbi táwọn èèyàn á ti rí i kà, torí ó ká mi lára gan-an.

Télọ̀ ni mí níbí ní Adó-Èkìtì, ó ti lé lógún ọdún tí mo gba fírídọ̀mù, látìgbà náà mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ wíkẹ́ńdì. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìdí máṣíìnì ni mò ń padà sí. Táwọn ẹgbẹ́ mi bá ní ká jáde, àwáwí ò wọ́n mi: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná wá ni o, kọ́sítọ́mà ń bọ̀ wá gbaṣọ ni o, owó epo ti wọ́n jù ni o. Àmọ́ ká sòótọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ló ń dí mi lọ́wọ́, ojú ló ń tì mí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa níhìn-ín, ọkùnrin tó bá jókòó lọ́sàn-án gangan tí kò ṣe nǹkan kan, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn sì wúwo létí ọmọ Èkìtì ju gbèsè lọ.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá ni ẹgbẹ́ wa ní àwọn ń lọ Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, mo ní mi ò lọ. Wọn ò bá mi jà o, ńṣe ni wọ́n páàkì bọ́ọ̀sì síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún ìyàwó fún mi, pé ìyàwó tuntun yìí ò fẹ́ fi máṣíìnì sílẹ̀ lọ ilé ọkọ. Oníṣu òdìkejì títì gbè é, àwọn ọlọ́kadà náà gbè é, ẹ̀rín pa mí débi pé téèpù já bọ́ lọ́rùn mi. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo bá wọn lọ.

A gba Ìyìn, a gba Ìgèdè, a já sí Àràmọkọ, kò jìnnà rárá. Èmi ọmọ Èkìtì, mi ò fojú ara mi rí omi yẹn rí! Wọ́n ní ó ń gbóná tó bí 70 dígírì níbi tó ti ń sun, tó bá fi máa pàdé tútù, ó ti lọ sílẹ̀ sí bí 37, ìyẹn bí ooru ara èèyàn. Mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ gbígbóná, mo ki tòsì bọ tútù, mo dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí.

Lábẹ́ igi ni bàbá àgbà kan ti pè mí sídìí ọpọ́n ayò. Ọmọ 48, 24 tèmi, 24 tiwọn. Ọkàn mi ṣì wà níbi aṣọ tí mo gé sílẹ̀, mò ń yọjú wo fóònù, bàbá ní, "Ìwọ tó o lóò lè fiṣẹ́ sílẹ̀ wá ṣeré, wò ó bí mo ṣe ń kó ọmọ ẹ lójú ẹ." Háà! Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú, mo pa fóònù, mo dojú kọ ayò. Ọdún mélòó ni mo ti pàdánù irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀, ó dùn mí.

Olóòtú, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún nìyí: ẹ máa fún wa ní àyè kékeré lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ sọ ibi tá a lè lọ, yálà Ìkógòsì ni o, tàbí omi Àrìǹtà tó ń já bọ́ látorí òkè ní Ìpólé-Ìlórò, iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, ibi tí wọ́n ti ń tayò ládùúgbò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀rẹ́ tó máa ń kọ̀, ẹ má bínú sí i, ẹ lọ bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, kẹ́ ẹ pa á lẹ́rìn-ín.

Ní tèmi o, mi ò ní ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba aṣọ ẹ̀, kó wá ṣáájú aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan, Adó-Èkìtì